Iye Ẹ̀ẹ̀kan Kọ́ Ni Iye Ọdún: Owó Tí Àìsàn Kíndìnrín Ń Ná Ìdílé ní Àbújá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ti Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Mararaba wá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó la wá sọ lónìí. Ẹni tó bá ń retí kí n pẹ́ lórí bí kíndìnrín ṣe rí àti ibi tó wà nínú ara, kó má bínú. Ohun tó ń tú ilé ká nínú àìsàn yìí ni owó, òun náà sì lọ̀rọ̀ tí wọn kì í bá ìdílé sọ dé gbòǹgbò lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Iye kan ni ilé ìwòsàn máa ń kọ sára ògiri: iye fífọ ẹ̀jẹ̀ (dialysis) lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ tí kíndìnrín kò lè ṣe mọ́. Òun ni gbogbo ẹbí máa ń dì mú, tí wọ́n á ní, "Ó dáa, a lè san ìyẹn." Àìsàn yìí kì í gba owó ẹ̀ẹ̀kan. Kíndìnrín tó bá ti dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá ń fẹ́ kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, ìgbà 156 nìyẹn. Kí ìjọba àpapọ̀ tó dín owó kù, ₦50,000 ni wọ́n sọ pé àwọn ilé ìwòsàn wọn ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún kan, ₦7,800,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tó dòfin ní 2024 jẹ́ ₦70,000, ìyẹn ₦840,000 lọ́dún. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, láìjẹ, láìmu, láìsanwó ilé, kó tó rí owó ọdún kan ṣoṣo san.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ó ti di ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn wọn kan. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, FMC Jabi ló sún mọ́ wa jù. FMC Azare àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Maiduguri wà lápá òkè. UCH Ìbàdàn àti FMC Abẹ́òkúta wà nílé lọ́hùn-ún. Ohun rere ni wọ́n ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò òun náà. ₦12,000 lọ́nà 156 jẹ́ ₦1,872,000. Ẹ pín in sí oṣù méjìlá, ₦156,000 lóṣù. Ó ju ìlọ́po méjì owó oṣù tó kéré jù lọ. Ẹ̀dínwó tó tó báyìí, síbẹ̀ ẹni tó ń gba ₦70,000 kò lè dá a gbé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ bi wọ́n léèrè níbi tí ẹ bá ti fẹ́ sanwó: kí ló wà nínú owó yìí, kí ni kò sí níbẹ̀?

Kí ìbéèrè yẹn lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wọ yàrá náà lọ fún wákàtí mẹ́rin kan.

Ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀. Asẹ́ kan ló ń ṣe é, ike gbọrọrọ tó gùn tó rúlà ọmọ iléèwé, tí okùn oníhò tó tín-ín-rín, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kún inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú àwọn okùn yìí kọjá, omi tí wọ́n ti po èlò mọ́ ń gba ẹ̀yìn wọn, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ á sì máa yọ́ bọ́ sínú omi náà. Wọ́n so rọ́bà méjì mọ́ ọn, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Abẹ́rẹ́ ńlá méjì wà fún ẹni tó bá ní fístúlà lápá, ìyẹn òpójẹ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀. Heparin wà kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú rọ́bà. Omi iyọ̀, ó kéré tán lítà kan, wà láti fi ṣan rọ́bà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti láti fi ti ẹ̀jẹ̀ padà sára nígbà tí wọ́n bá parí. Lẹ́yìn èyí, èlò olómi méjì, ti ásíìdì àti ti baikabọ́nétì. Tí wákàtí mẹ́rin bá pé, asẹ́, rọ́bà àti abẹ́rẹ́ di ohun tí wọ́n ń sun níná. Láwọn orílẹ̀-èdè bí Íńdíà, wọ́n máa ń fọ asẹ́ kan fún aláìsàn kan náà kó tún lò ó, kí owó lè dín kù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ wọn àyè inú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Tó bá ti wà lábẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó jẹ́ nígbà tó ṣì wà ní tuntun, wọ́n á jù ú nù. Ibi tí kò bá ti sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n, kí wọ́n má dán an wò.

Òkè òkun ni púpọ̀ nínú àwọn ohun èlò wọ̀nyí ti ń wá. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Asẹ́ kò yí padà, aláìsàn kò yí padà, owó ló fò sókè.

Omi ńkọ́? Ẹ̀rọ ń lo ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan. Ní wákàtí mẹ́rin, lítà 120 nìyẹn fún èèyàn kan, a ò sì tíì ka èyí tí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ń dà nù. Omi ẹ̀rọ ìjọba àti omi bóhòòlù (borehole) kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀. Kilorín tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, tó bá kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa. Ní ìlú Caruaru ní Brazil, lọ́dún 1996, omi tí wọn kò tọ́jú dáadáa ní májèlé ewéko inú odò nínú. Ó ju àádọ́ta aláìsàn lọ tó kú. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tó bá ń pariwo pé owó òun ló kéré jù lọ, tí kò sì lè sọ ìgbà tó ṣàyẹ̀wò omi rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ̀mí yín ló fi ń dín owó kù.

Iná wá ńkọ́. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, di ₦225 fún yúníìtì kan, owó dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ náà sì wà ńbẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, bátìrì inú ẹ̀rọ lè gbé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ kò bá tètè dáhùn, nọ́ọ̀sì á ṣí ibi tó ń fa ẹ̀jẹ̀, á ki ọwọ́ irin bọ̀ ọ́, á sì máa fi ọwọ́ yí i títí ẹ̀jẹ̀ á fi padà sára aláìsàn. Bíi mílílítà 200 ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú asẹ́ àti rọ́bà. Tó bá dì síbẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀. Torí náà, ẹ béèrè nípa jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó béèrè nípa ẹ̀rọ amúlétutù.

Àwọn owó tí kì í sí lára ògiri ló kàn. Kí wọ́n tó fọ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n á ṣàyẹ̀wò HIV, hepatitis B àti hepatitis C, torí ẹni tó ní hepatitis B gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kíndìnrín tó ti kú kò lè rán egungun létí mọ́ pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀, nítorí náà abẹ́rẹ́ erythropoietin di dandan, ọ̀pọ̀ ló ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ áyọ́ọ̀nù (iron). Inú fíríìjì ni erythropoietin ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí wọ́n tà fún yín láti inú dúrọ́ọ̀ lọ́sàn-án oṣù kẹta ní Àbújá, ẹ fi owó ra omi ni. Àwọn ìdílé míì á ní ẹ̀jẹ̀ làwọn á máa gbà dípò abẹ́rẹ́, torí pé àbúrò lè fún ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dà bíi pé owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ìjà sí ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíì, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ kíndìnrín, ó lè ṣòro láti rí ẹni tí tirẹ̀ bá a mu.

Ibi tí mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n ki bọ ọrùn tàbí itan, torí pé ìgbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, kò sí àsìkò mọ́. Rọ́bà ìgbà díẹ̀ ni, ti ọrùn kò yẹ kó kọjá nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ti itan kò tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ àwọn kan ń gbé e kiri fún oṣù mẹ́ta. Tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n: bí wọ́n bá ṣe so aláìsàn mọ́ ẹ̀rọ báyìí, òtútù á mú un, á máa gbọ̀n, ibà á dé. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ra òmíràn, wọ́n á ra oògùn apakòkòrò olówó ńlá, wọ́n á dá a dúró sí wọ́ọ̀dù. Fístúlà, iṣẹ́ abẹ kékeré tí wọ́n fi ń so òpójẹ̀ méjì pọ̀ lápá, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó san owó rẹ̀, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí oṣù mẹ́ta kó tó gbó. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá sọ fún yín pé fífọ ẹ̀jẹ̀ ti di dandan títí ayé ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí rọ́bà ìkẹta bá bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹ̀jẹ̀ tàbí wọn ìfúnpá lápá tí wọ́n fẹ́ lò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é, kí aláìsàn máa fọwọ́ kàn án láràárọ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n rìrì lábẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ tí kò bá gbọ̀n mọ́, kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Nísinsìnyí, ohun tó burú jù: kí èèyàn máa fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, "nígbà tí owó bá wà." Omi á kún ẹ̀dọ̀fóró, kò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Pòtáṣíọ̀mù á ga nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn lè dúró lójijì láìsí àpẹẹrẹ kankan. Wọ́n á gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn lóru, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀dì, oògùn pàjáwìrì, owó ọ̀sẹ̀ kan á ti lọ. Ohun tó sábà máa ń fà á ni bí a ṣe ń dáwó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni, ẹgbẹ́ wa kì í sì í fi ara wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń lọ: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn á sáré, wọ́n á ta ilẹ̀, wọ́n á tu àjọ, wọ́n á kó owó ńlá lé aya aláìsàn lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta, ó ti tán, kò sì sí ẹni tó tún fẹ́ gbé ìpè. Ó sàn kí ogún èèyàn máa dá ₦8,000 lóṣooṣù, ₦160,000 nìyẹn, ó sì tó owó ìgbà mẹ́tala níbi tí wọ́n ti ń gba ₦12,000, ju kí wọ́n dá mílíọ̀nù kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣì ń tọ̀ dáadáa lè fi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà ló máa wo ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ẹ sọ iye tí agbára yín ká fún un lójúkorojú. Dókítà tó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ lè san fún ọdún kan lè ṣètò oúnjẹ àti oògùn sí i. Èyí tó rò pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni, tí ẹ wá ń sá, kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Oúnjẹ náà jẹ́ owó, torí ẹni tó bá ń mu omi jù ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ pàjáwìrì. Ìṣirò rẹ̀ kò le: iye ìtọ̀ tó tọ̀ lánàá, kí ẹ fi omi ọ̀rá kan lé e, ìyẹn nǹkan bí ìdajì lítà. Ọbẹ̀, tíì, ẹ̀kọ mímu, kunu, gbogbo rẹ̀ omi ni. Nígbà ooru ibí yìí, iyọ̀ ló ń fa òùngbẹ ju oòrùn lọ, nítorí náà ẹ dín iyọ̀, Maggi àti káún kù, ẹ sì rọra pẹ̀lú suya àti kilishi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, omi àgbọn àti tòmátò púpọ̀ ní pòtáṣíọ̀mù. Iṣu ṣeé jẹ tí ẹ bá gé e wẹ́wẹ́, tí ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, tí ẹ da omi náà nù, tí ẹ tún bọ̀ ọ́. Iyọ̀ tí wọ́n kọ sí i lára pé kò ní sódíọ̀mù, ẹ má rà á: pòtáṣíọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni eléyìí ń bá fínra. Ìwádìí kan tí Lancet tẹ̀ jáde ní 2015 ṣírò pé ní 2010, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6 èèyàn ló ń rí ìtọ́jú gbà káàkiri ayé, nígbà tí àwọn tó nílò rẹ̀ wà láàárín mílíọ̀nù 4.9 sí 9.7, ó kéré tán, mílíọ̀nù 2.3 ló ṣeé ṣe kó kú torí pé wọn kò rí i. Ní Ghana, ní 2023, ilé ìwòsàn Korle Bu fẹ́ gbé iye ẹ̀ẹ̀kan láti sídì 380 sí 765, ariwo sì gba ìlú. Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ètò ìjọba fún àwọn aláìní ní 2016. Thailand gba ọ̀nà míì ní 2008: wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba san án, inú ikùn ni kó ti kọ́kọ́ máa fọ̀ ọ́ nílé. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á wà níkùn, aláìsàn á da omi lítà méjì sí i, á fi í síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, á sì tú u jáde, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Kò nílò iná, kò nílò kí èèyàn wọ mọ́tò láti Mararaba wá sí Jabi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní 2022, wọ́n jẹ́ kí aláìsàn máa yan èyí tó bá wù ú. Kí ló dé tí kò fi wọ́pọ̀ níbí? Lítà mẹ́jọ lójúmọ́ jẹ́ lítà 240 lóṣù, omi wíwúwo tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọlé. Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá ti ń ṣe omi náà fúnra wọn, iye rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Èmi gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí owó ìjọba lọ, ju kí gómìnà kan tún máa gé tẹ́ẹ̀pù níwájú ẹ̀rọ mẹ́rin tí kò ní rí asẹ́ lò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Adójútòfò ìlera ńkọ́? Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ pé dandan ni fún gbogbo wa. Nígbà tí ètò adójútòfò ìjọba ṣì ń jẹ́ NHIS, ìgbà mẹ́fà ló máa ń san fún fífọ ẹ̀jẹ̀, fún kíndìnrín tó dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ìgbà mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ tó fọkàn lé káàdì yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ HMO yín, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò yín, iye tí wọ́n ń san báyìí, kí ẹ gbà á ní kíkọ.

Pípààrọ̀ kíndìnrín ló sàn jù fún ẹni tí ara rẹ̀ gbà á. Ní 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó, ilé ìwòsàn Aminu Kano ní Kano bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ilé ìwòsàn àdáni sì ń ṣe é ní Àbújá. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni lọ́jọ́ kan, òun ni àwọn èèyàn ń bẹ̀rù. Èyí tí wọ́n ń gbàgbé ni oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tuntun náà: tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone, lójoojúmọ́, títí ayé. Ẹbí tó bá lo gbogbo owó tán sórí iṣẹ́ abẹ, tí kò fi ti oògùn ọdún méjì àkọ́kọ́ pamọ́, ń fi kíndìnrín arákùnrin wọn ṣòfò. Ẹni tó ń fi tirẹ̀ tọrẹ gbọ́dọ̀ ṣe é tinútinú. Títà rẹ̀ lòdì sí Òfin Ìlera ti 2014.

Owó tó kéré jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti àyẹ̀wò, òun ló sì kàn gbogbo ẹni tó jókòó síbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló wà níwájú. Lẹ́yìn wọn ni ibuprofen, diclofenac àti piroxicam tí a ń rà ní kẹ́místì lójoojúmọ́ fún orúnkún, ọṣẹ àti ìpara abóra tó ní mẹ́kúrì, àgbo tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àti pírósítéètì (prostate) tó wú tí bàbá kan ń fi pamọ́. Ní Gashua, ní ìpínlẹ̀ Yobe, àìsàn náà pọ̀ lọ́nà tó kọjá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan lè dé, wọ́n sì ń wo omi àti ilẹ̀ ibẹ̀. Ti àwa Yorùbá tún ní tirẹ̀: ìyípadà kan nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní APOL1, ohun tí a ń jogún lára òbí, tó lè mú kí àìsàn yìí tètè mú èèyàn, wọ́pọ̀ láàárín wa. Tí ẹnì kan bá ti ní àìsàn yìí nínú ìdílé, kí ọmọ ìyá rẹ̀ gbogbo lọ yẹ ara wọn wò.

Ohun tí ẹ ó sọ fún wọn níbi àyẹ̀wò kò ju mẹ́ta lọ: ìfúnpá, purotéènì inú ìtọ̀, àti creatinine inú ẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ dànù. Ti creatinine, ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣírò eGFR rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, torí nọ́ńbà kan náà lè dára fún ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé bùlọ́ọ̀kù, kó sì burú fún ìyá àgbà tó rù. Tí eGFR bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta, àìsàn kíndìnrín ti wà. Tó bá wà lábẹ́ 15, fífọ ẹ̀jẹ̀ ló ń sún mọ́lé. Ẹ má dúró de ojú wíwú tàbí ìtọ̀ tó ń hó. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa hàn, ó ti pẹ́. Tí dókítà bá kọ lisinopril tàbí losartan fún yín nítorí purotéènì inú ìtọ̀, ẹ padà lọ yẹ creatinine àti pòtáṣíọ̀mù wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ má sì dá oògùn náà dúró torí pé ara ti yá. Ìwé èsì náà, ẹ má jù ú nù. Ẹ mú ti ọdún tó kọjá àti ti ọdún yìí lọ síwájú dókítà pọ̀, torí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló máa kọ́kọ́ wò.